Oníbodè Tí Opẹ́lẹ́ńgẹ́ Gbẹ́

Èmi ni alárinà wọn, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ jù mí lọ. Aránṣọ ni mí. Ògiri kan ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti ti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó jẹ́ káfíńtà. Bí wọ́n bá ń rẹ́ pákó lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ ìránṣọ mi á máa gbọ̀n níhìn-ín. Ọkọ Àgbà ni mo ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí, nítorí ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ìyá ọmọ náà sì kú nígbà tó ṣì kéré, ó wá di ọmọ mi. Èmi ni mo fún un ní orúkọ tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é: Opẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, èjìká òsì rẹ̀ sì rọ̀ sílẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ díẹ̀. Gbogbo ìdílé wọn ló ní èjìká yẹn. Ọkọ mi olóògbé náà ní i, n kò sì rán ẹ̀wù kan tó jókòó dáadáa sí i lọ́rùn títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni Opẹ́lẹ́ńgẹ́ kọ́. Bàbá ń kan àga, ọmọ ń gbẹ́ ọnà sí i lára, wọn kì í sì bára wọn sọ ju gbólóhùn mélòó kan lọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọkùnrin kan wọlé sí wọn pẹ̀lú páálí lábíyá. Tíṣà ni, ìtàn ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé tó wà lókè, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá sí ìlú wa ni. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n bá òun gbẹ́ àwọn ère kéékèèké kan. Ọkọ Àgbà wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ère kẹ̀? Àga là ń kàn níbí, tábìlì là ń kàn. A máa ń kan ibùsùn náà, bí ìyàwó bá ti ń bọ̀ lọ́nà."

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò tíì ní ìyàwó."

"Ṣé mo bi ọ́ ni?"

Opẹ́lẹ́ńgẹ́ bú sẹ́rìn-ín níbi tó ti ń fi sáńpépà ha pákó. Tíṣà yíjú, ojú wọn ṣe mẹ́rin. Mo gbọ́ ẹ̀rín náà láti ọ̀dọ̀ mi, mo sì dá ẹ̀rọ mi dúró, nítorí ọmọ yẹn kì í rẹ́rìn-ín níwájú àlejò.

Tíṣà ṣí páálí rẹ̀, ó gbé pátákó ṣẹ́ẹ̀sì kan jáde, eré tí ẹni méjì fi ń to ère jagun. Ṣẹ́ẹ̀sì náà kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tà. Ó ní bí òun bá ti mẹ́nu ba ogun tó dó ti ìlú yìí láyé àtijọ́, ṣe ni àwọn ọmọ kíláàsì òun máa ń sùn lọ. Òun wá fẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ja ogun náà. Apá kan jẹ́ ìlú, apá kejì jẹ́ àwọn tó dó tì í. Ọba wà níbẹ̀, ọ̀gágun wà níbẹ̀, àwọn ẹlẹ́ṣin wà níbẹ̀, àwọn ará ìlú sì tò síwájú, bí wọ́n ṣe máa ń to mẹ̀kúnnù síwájú níbi gbogbo. Ní igun pátákó, níbi tí ilé-ìṣọ́ máa ń wà, oníbodè ló fi síbẹ̀.

"Báwo lojú oníbodè ṣe rí?" Opẹ́lẹ́ńgẹ́ ló béèrè.

"Ìwé kò sọ. Àgbàlagbà kan tó ń ṣọ́ ẹnubodè ṣáá ni."

"Ẹ fi sílẹ̀. Mo máa wá ojú fún un."

Nǹkan tí Tíṣà kò mọ̀ wà níbẹ̀, èmi tí mo jẹ́ ìyàwó ilé láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú kò sì mọ̀ ọ́n. Bàbá àgbà Opẹ́lẹ́ńgẹ́ máa ń gbé e lé itan nígbà tó wà lọ́mọdé, á sọ sí i létí pé, "Àwa la ni ẹnubodè ìlú yìí nígbà kan. Má sọ fún ẹnikẹ́ni." Ibi tó máa ń bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Ààbọ̀ ìtàn náà ni ọmọ náà gbọ́, ó sì fi í yangàn nínú ara rẹ̀ láìsọ ọ́ síta. Nígbà tó wá di pé kó gbẹ́ oníbodè, ojú bàbá àgbà rẹ̀ ló gbẹ́ sí i, àti èjìká òsì tó rọ̀ sílẹ̀. Kò sọ fún Tíṣà. Ó fẹ́ fi ṣe é lálejò ní ọjọ́ tí wọ́n bá máa fi eré náà han aráyé, kó wá sọ fún un pé, "Ẹ̀jẹ̀ mi nìyí nínú iṣẹ́ rẹ."

Àwọn ère náà ìbá ti parí kí oṣù tó jáde, ṣùgbọ́n Tíṣà tó lè kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń wá gbà. Mo máa ń yọjú lójú fèrèsé mi.

"Tíṣà, ṣé ẹṣin àná ti kú ni, tí o fi tún wá gba òmíràn?"

"Ẹ káàsán, Ìyá. Etí rẹ̀ kan ló fẹ́ àtúnṣe."

"Etí ẹṣin àbí tìrẹ? Èyí tó wù ọ́ ni kó o tún ṣe."

Ó kọ́ Opẹ́lẹ́ńgẹ́ ní eré náà lórí tábìlì iṣẹ́, láàárín ìyẹ̀fun igi. Láàárín oṣù mélòó kan, ọmọ náà ti ń nà án. Ó kọ́kọ́ ń pè é ní "ẹ̀yin", nígbà tó yá, ó di "ìwọ". Bí mo ṣe gbọ́ "ìwọ" yẹn, mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi ti dé. Mo pe Tíṣà wọlé, mo ní kó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà mi.

"Kí lo fẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi?"

"Mo fẹ́ fẹ́ ẹ ni, Ìyá. Ẹ̀rù bàbá rẹ̀ ló ń bà mí."

"Bó bá ń bà ọ́, o ní ọgbọ́n lórí nìyẹn. Fi sílẹ̀ fún mi."

Mo bọ́ sọ́dọ̀ Opẹ́lẹ́ńgẹ́, òun náà tún ní tirẹ̀. "Ìyá Kékeré, ó kàwé. Kí ló fẹ́ fi èmi onípákó ṣe? Bí ojú rẹ̀ bá dá ńkọ́?"

"Onípákó ló ń wá wò lójoojúmọ́, àbí èmi ló ń wá wò? Má bá mi fa ọ̀rọ̀ gùn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbá mi mọ́ra. N kò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọkọ Àgbà kò tètè gbà. Ó ní ẹni tí wọ́n gbé wá síbí, wọ́n tún lè gbé e lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, mo bẹ̀ ẹ́ lálẹ́, títí tó fi sọ pé kí àwọn ẹbí Tíṣà wá tọrọ ọmọ. Ọjọ́ kejì ọjọ́ tí wọ́n máa fi eré náà hàn ní ilé-ìwé ni a dá fún wọn.

Èyí tí àwa kò mọ̀ ni pé Tíṣà náà ní ohun tó ń fi pamọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ kọ́kọ́ ta eré náà, ọ̀mì ni wọ́n ń ta ṣáá. Ìlú kò fọ́, ọ̀tá kò wọlé, oorun sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn wọ́n. Tíṣà padà sídìí ìwé, ó kà á níbẹ̀ pé inú ni wọ́n ti ṣí ẹnubodè fún ọ̀tá. Ó fi òfin kan kún un: bí ọ̀tá bá dúró ti oníbodè, tí kò sí ará ìlú kankan nítòsí rẹ̀, ọ̀tá lè yí ojú rẹ̀ padà, kó di tirẹ̀. Àwọn tó wà lápá ìlú á sì kígbe pé, "Ó ti tà wá!" Àwọn ọmọ fẹ́ràn òfin yìí ju gbogbo ìyókù lọ. Tíṣà kò sọ ọ́ fún Opẹ́lẹ́ńgẹ́, nítorí ó fẹ́ kó yà á lẹ́nu. Bí olólùfẹ́ méjì ṣe ń fi nǹkan pamọ́ fún ara wọn nìyẹn, kí inú èkejì lè dùn.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn ilé-ìwé kún fún àwọn òbí. Ọkọ Àgbà wọ ẹ̀wù tí mo rán fún un, ó jókòó síwájú. Opẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tíṣà, gbogbo àwọn ère rẹ̀ sì ń dán lórí pátákó ńlá kan tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ eré. Ọmọbìnrin kékeré kan tó di irun rẹ̀ ní méjì gbá oníbodè mú lọ́rùn, ó yí ojú rẹ̀ padà sí ìlú, gbogbo kíláàsì sì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà: "Ó ti tà wá! Ó ti tà wá!"

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé kóòtù àtijọ́ kan, tí ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà mọ́, bẹ̀rẹ̀ wo ère náà.

"Ẹ dúró ná. Ojú ta ni mo rí yìí? Ẹ wo èjìká. Bàbá Káfíńtà àgbà kọ́ nìyí?" Ó nàró, ó wá ojú Ọkọ Àgbà kàn. "Àwọn bàbá wa máa ń sọ pé ìdílé oníbodè ṣì wà nínú ìlú yìí, pé wọ́n ti pààrọ̀ iṣẹ́ ni. Àṣé ẹ̀yin ni!"

Gbogbo ojú yí sí Ọkọ Àgbà. Opẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ń rẹ́rìn-ín kí akọ̀wé náà tó sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n tú ẹ̀bùn tó gbé wá. Ẹ̀rín náà kò mọ ibi tó máa gbà. Ó wo Tíṣà, Tíṣà wo ère náà, mo sì rí i ní ojú rẹ̀ pé ìgbà yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí èjìká tó ti ń wò lára ọmọ náà láti ọjọ́ yìí wá. Ọkọ Àgbà dìde, ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó sì jáde láìyára. Àwọn ọmọ tó wà ní ẹnu ọ̀nà yà fún un. Ọ̀kan nínú wọn sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bó ṣe ń kọjá: "Ó ti tà wá." Ọmọdé ni, kò mọ nǹkan kan.

A dá àwọn ẹbí Tíṣà dúró. Òun fúnra rẹ̀ wá ní ọjọ́ kejì, ó dọ̀bálẹ̀ sínú ìyẹ̀fun igi, kò sì dìde.

"Mi ò mọ̀, sà. Mo fi Ẹni tó ń bẹ lókè búra."

"Mo mọ̀ pé o kò mọ̀. Ọmọ mi gbẹ́ bàbá mi, ìwọ wá fi bàbá mi kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ariwo."

"Mo máa yọ òfin yẹn kúrò. Lónìí."

"Yọ ọ́ kúrò lẹ́nu wọn." Ọkọ Àgbà kò gbé ohùn sókè. "Ọjọ́ tí mo bá gba iwájú ilé-ìwé yẹn kọjá tí n kò gbọ́ ọ mọ́, wá mú ìyàwó rẹ."

Tíṣà gbìyànjú, kí ẹnikẹ́ni má parọ́ mọ́ ọn. Ó lọ láti kíláàsì dé kíláàsì, ó ní oníbodè kò ṣeé rà mọ́. Àwọn ọmọ ní "Yẹ̀ẹ́s sà," bó sì ṣe kẹ̀yìn tán, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sílẹ̀, wọ́n fi ìdérí ìgò ṣe ọba, wọ́n fi òkúta ṣe oníbodè. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Eré náà jáde ní ilé-ìwé, ó dé òpópónà, ó dé ẹnu àwọn tí kò kàwé rí. Bí Opẹ́lẹ́ńgẹ́ bá gbé àga lọ fún oníbàárà, àwọn ọmọ á dákẹ́ bó bá ń bọ̀, á sì kọjá tán kí wọ́n tó pariwo. Dídákẹ́ yẹn ló máa ń dùn ún jù.

Wọ́n ní bí tọkọtaya bá ti mojú ara wọn tán, alárinà á yẹ̀bá. Tèmi kò rọ́nà yẹ̀bá. Tíṣà á dá mi dúró lẹ́yìn ọjà.

"Ìyá, ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ní kí n sọ pé òun ń jẹun."

"Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí?"

"Mo rí i pé ó ń gbé àwo wá, ó ń gbé e padà."

Opẹ́lẹ́ńgẹ́ náà á ní òun kò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀, á sì jókòó ti ẹ̀rọ mi títí màá fi sọ gbogbo rẹ̀. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ìyá Kékeré," ó sọ ọ́ fún mi lójú ẹkún. "Bí mo bá sì gbọ́ ohùn àwọn ọmọ yẹn, mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ bínú sí." Òjò rọ̀, òjò dá, wọn kò rí ara wọn sójú.

Ọkọ Àgbà ló kọ́kọ́ rọ̀. Ó ń wo ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń gbẹ sí i, ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀sán Sunday kan, ó ní kí n lọ pe Tíṣà wá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré. Mo jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú wọn. Opẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró sẹ́yìn kọ́tìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, gbogbo wa la sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

"Àwọn ọmọ yẹn kò parọ́," Ọkọ Àgbà ló bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Bàbá mi sọ ọ́ fún mi nígbà tó fẹ́ kú. Ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìlú tán. Oníbodè ti sin ọmọ kan, èkejì kò lè dìde mọ́. Àwọn tó wà lóde fi àgbàdo hàn án láti abẹ́ ìlẹ̀kùn. Ó ṣí i. Wọ́n pa ìlú run, ilé tirẹ̀ sì jẹun. Ọmọ tó jẹ àgbàdo yẹn, tí kò kú, inú rẹ̀ la ti ṣẹ̀ wá. Èmi, àti ẹni tí o fẹ́ fẹ́." Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. N kò rí omijé ọkùnrin yẹn rí, kódà nígbà tí àbúrò rẹ̀ tí í ṣe ọkọ mi kú. "Kò sí ìwé tó mọ̀ ọ́n. Mo sọ ọ́ fún ọ kí o lè mọ ibi tí o ti fẹ́ gbé ìyàwó. Wàyí o, kí ni wàá kọ́ àwọn ọmọ?"

Mo ń wo Tíṣà. Ojú rẹ̀ tàn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gòkè lọ sí àpò àyà rẹ̀, ìka rẹ̀ sì kan báírò tó wà níbẹ̀. Kò mú un jáde. Ọwọ́ náà dúró síbẹ̀, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ padà sórí itan rẹ̀. Omi ń kán sínú bokéètì ní kíṣìnnì, mo ń gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló tó sọ̀rọ̀.

"Mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, sà. Ọmọ yín ni mo fẹ́."

"Mo fún ọ," ni Ọkọ Àgbà wí.

Mo fò sókè, mo ń dúpẹ́, mo ń pe Opẹ́lẹ́ńgẹ́ kó jáde wá. Ó jáde. Ó kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀ fún un. Ó wá dìde, ó kọjú sí Tíṣà.

"Ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé."

Ó ti pẹ́ tó ti sọ "ẹ" fún un kẹ́yìn. Tíṣà gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ sì yí padà.

Mo tẹ̀ lé ọmọ náà wọ kíṣìnnì, mo bú u. Mo ní ṣé orí rẹ̀ pé, mo ní ọkọ ọ̀la rẹ̀ ló ń lé jáde.

"Ìyá Kékeré, ó fọwọ́ kan báírò rẹ̀."

"Kò mú un jáde!"

"Bàbá mi ń sunkún níwájú rẹ̀, ó fọwọ́ kan báírò." Òun náà ti ń sunkún. "Mi ò bínú sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá gbé pákó tó dáa kọjá níwájú mi, èmi náà á fọwọ́ bà á kí n tó ronú. Ṣùgbọ́n bí mo bá bímọ fún un, tí ọmọ náà ní èjìká yìí, gbogbo ìgbà tó bá wo ọmọ náà, ọwọ́ rẹ̀ ni màá máa wò. Mi ò lè fi ayé mi wo ọwọ́ ọkọ mi."

Bàbá rẹ̀ wá di alárinà ju èmi lọ. Ọkùnrin tó lé ọkọ jáde níjọ́sí, òun ló ń bẹ ọmọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, òun tí kì í sọ ju gbólóhùn kan lọ. "Ọmọ mi, mo ti gbà. Ṣé èmi ni mo mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sú ọ ni?" Opẹ́lẹ́ńgẹ́ á ní, "Rárá, bàbá mi," á sì máa ha pákó lọ.

Tíṣà sọ fún ilé-iṣẹ́ wọn pé kí wọ́n gbé òun lọ síbòmíràn, wọ́n sì gbé e. Èmi ni mo sìn ín lọ sí gáréèjì. Ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.

"Ìyá, mi ò mú un jáde."

"Mo mọ̀."

"Mi ò sì ní kọ ọ́ láé. Kí ló yẹ kí n sọ lọ́jọ́ yẹn?"

Mo ní irọ́ púpọ̀ nílẹ̀ tí mo lè fi tù ú nínú, iṣẹ́ alárinà ni. Mo wo ojú rẹ̀, n kò lè pa ọ̀kan.

"Ohunkóhun, ọmọ mi. Kí o ṣáà ti yára sọ ọ́ ni."

Ó mi orí. Dẹ́rẹ́bà ní kó wọlé, ó wọlé, wọ́n sì lọ.

Nígbà tí mo padà dé, Opẹ́lẹ́ńgẹ́ ń fi sáńpépà ha ẹsẹ̀ àga kan. Kò gbójú sókè.

"Ṣé ó ti lọ?"

"Ó ti lọ."

Mo fa àpótí kan, mo jókòó tì í. Bàbá rẹ̀ fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, òun náà wá dúró níbẹ̀. Ọmọ náà ń ha á, ó ń ha á, títí ẹsẹ̀ àga náà fi tín-ín-rín kọjá èyí tó lè gba ènìyàn dúró. Àwa méjèèjì rí i, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé kó dá ọwọ́ dúró.